Ta Ló Gbé Ife Lé E Lọ́wọ́?

Ládùúgbò tí a ti dàgbà, awakọ̀ dánfó kan wà tí gbogbo ọmọdé ń pè ní Bàbá Paraga. Kí oòrùn tó yọ, ó ti jókòó ti ìyá tó ń ta paraga létí gáréèjì. Bó bá ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bọ̀ nírọ̀lẹ́, àwa a máa tẹ̀ lé e lẹ́yìn, a máa pàtẹ́wọ́, a máa rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ ìsìnkú rẹ̀ la tó gbọ́ lẹ́nu ìyàwó rẹ̀ pé ọkùnrin náà ò fẹnu kan ọtí rí, àfi ìgbà tí ọkọ̀ rẹ̀ gbókìtì, tí kọ̀ńdọ́ rẹ̀, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, sì kú sínú rẹ̀. Ó ní bí ọkọ òun bá ti dijú, igbe ọmọ yẹn ló ń gbọ́. Ọtí ló fi ń pa igbe náà lẹ́nu mọ́.

Ó dáa, ta ló jẹ̀bi? Ní tiwa níbí, ìdáhùn ti wà nílẹ̀: àfọwọ́fà ni, ta ló ní kó mu ún? Àwọn mìíràn á ní ayé ló ń ṣe é, wọ́n á gbé e lọ fún ìtúsílẹ̀. Kò sẹ́ni tó bi í léèrè ohun tó ń dùn ún.

Ní 1998, Vincent Felitti, Robert Anda àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn gbé ìwádìí kan jáde ní Amẹ́ríkà. Wọ́n bi àwọn àgbàlagbà tó lé ní 9,000 léèrè ohun tójú wọn rí kí wọ́n tó pé ọmọ ọdún 18: ṣé wọ́n lù wọ́n ní àlùbami, ṣé ẹnì kan fipá bá wọn lò pọ̀, ṣé wọ́n ń lu ìyá wọn, ṣé ọ̀mùtí wà nínú ilé. Àwọn tí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ṣẹlẹ̀ sí, ewu kí wọ́n di ẹrú ọtí tàbí oògùn olóró, kí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn mú wọn, tàbí kí wọ́n gbìyànjú láti pa ara wọn, fi ìlọ́po 4 sí 12 ju ti ẹni tí ọ̀kankan ò ṣẹlẹ̀ sí lọ. Kì í ṣe gbogbo ẹni tí ìyà jẹ ló ń mutí o. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní ìwà burúkú lásán ni, ẹ ní kó wá ṣàlàyé iye yẹn fún wa.

Ẹni tí ẹ̀rù ńlá bà rí, ara rẹ̀ kì í tètè sinmi mọ́, àfi bíi pé olè ṣì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ọtí á mú ara yẹn rọ̀, oorun á gbé e. Àmọ́ bí agbára ọtí bá ti ń lọ láàárín òru, oorun á dàrú, àlá burúkú á dé, àyà á máa já. Lọ́jọ́ kejì, á mu sí i.

Ní oṣù karùn-ún 2018, ìjọba Nàìjíríà fòfin de ṣíṣe omi oògùn ikọ́ tó ní kódíìnì àti kíkó o wọlé. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àmọ́ òfin lè ti ṣọ́ọ̀bù; kò lè bá ẹni tí kò rí oorun sùn wá oorun.

Síbẹ̀, a ò ní sọ pé Bàbá Paraga ò lẹ́jọ́ lọ́rùn. Owó oúnjẹ ló fi ń mutí. Ó ń lu ìyàwó rẹ̀. Gbogbo ojúlé ló ń gbọ́. Ìrora rẹ̀ ò sọ ẹ̀ṣẹ́ yẹn di ẹ̀tọ́. Èèyàn lè jẹ̀bi, kó sì tún yẹ lẹ́ni tí wọ́n ń tọ́jú. Àwa ni kì í fẹ́ kí méjèèjì pàdé, torí ẹni tí a bá ti dá lẹ́bi, a ò tún ní láti bẹ̀ ẹ́ wò mọ́. Nígbà tí wọ́n sin ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, "ṣe ọkùnrin" ni wọ́n sọ fún un. Ó ṣe ọkùnrin lóòótọ́.

Ẹ padà wo àwọn ìbéèrè ìwádìí yẹn. Bàbá tó ń mutí, ìyá tí wọ́n ń lù: ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ti ní méjì níbẹ̀ kó tó wọ ilé ìwé girama. Ẹgbẹ́ wa ni. Ní Sátidé tó kọjá, a rí i ní gáréèjì kan náà, ife kékeré wà lọ́wọ́ rẹ̀, ìyá míì ló ń tà níbẹ̀ báyìí. Ó pè wá lórúkọ. A jókòó tì í títí ilẹ̀ fi ṣú. Ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù la sọ. A ò tíì dé orí ọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀.