Gbèsè Omi: Ọ̀rọ̀ Lórí Ìlú Kékeré Inú Aṣálẹ̀

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá ara wa sọ ní àkókò yìí jẹ mọ́ ibi tí kò jọ Chicago rárá. Níhìn-ín, adágún omi tí a kò lè fi ojú rí òdìkejì rẹ̀ ni ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Bí òùngbẹ bá gbẹ wá, a ó kàn yí ẹnu ẹ̀rọ ni, omi yóò sì máa ṣàn. Nítorí náà ó ṣòro fún wa láti mọ bí ó ti rí láti gbé ní ìlú kékeré kan ní ẹnu ibodè, láàrin aṣálẹ̀, níbi tí omi ti ṣọ̀wọ́n, tí àlejò tí ẹnikẹ́ni kò ránṣẹ́ pè sì ń dé nígbà gbogbo. Ìbéèrè tí irú ìlú bẹ́ẹ̀ ń bi gbogbo ènìyàn nìyí: bí omi onílé kò bá tó, ta ni ó jẹ àlejò ní gbèsè omi?

Ẹ jẹ́ kí á mú ìlú kan ní àpẹẹrẹ. Assamaka ni orúkọ rẹ̀. Ó wà ní òkè àríwá orílẹ̀-èdè Niger, aládùúgbò Nàìjíríà, níbi tí ilẹ̀ Niger ti pàdé ilẹ̀ Àlgéríà nínú aṣálẹ̀ Sàhárà. Láti ibẹ̀ dé Arlit, tí í ṣe ìlú ńlá tí ó súnmọ́ ọn, tó nǹkan bí 200 kìlómítà, iyanrìn sì ni ọ̀nà náà. Awakọ̀, olùtajà, darandaran àti òṣìṣẹ́ ibodè ni ó pọ̀ jù nínú àwọn tí ń gbé ibẹ̀. Ọkọ̀ akẹ́rù ni ó ń kó oúnjẹ wá fún wọn. Lọ́sàn-án, oòrùn a máa jó ni bí iná. Ní àkókò ọyẹ́, òtútù òru a máa wọ inú egungun. Bí ìjì bá dé, iyanrìn á wọ inú ìkòkò, á sì wọ ojú ọmọ.

Kí ni ó ń gbé àlejò dé irú ibẹ̀? Láti nǹkan bí ọdún 2014 ni ìjọba Àlgéríà ti ń kó àwọn àlejò tí ó ti ìhà gúúsù Sàhárà wá sínú ọkọ̀, tí ó sì ń lé wọn padà sí ilẹ̀ Niger. Àwọn tí kì í ṣe ọmọ Niger, wọ́n sábà máa ń já wọn sílẹ̀ nínú aṣálẹ̀ ní ibi tí wọ́n ń pè ní Point Zéro, ní nǹkan bí 15 kìlómítà sí Assamaka, ẹsẹ̀ ni wọ́n yóò sì fi rin ìyókù. Láàrin oṣù kìíní sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹta ọdún 2023 nìkan, àwọn dókítà ẹgbẹ́ Médecins Sans Frontières sọ pé ó lé ní 4,600 ènìyàn tí ó fẹsẹ̀ rìn dé ìlú kékeré yìí: ará Mali, ará Guinea, ará Côte d'Ivoire, títí kan àwọn ará Síríà àti Bangladesh. Púpọ̀ nínú wọn kò rí òrùlé kankan. Ọgbà ilé ìwòsàn kékeré tí ó wà níbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn sùn sí. Ní ọdún 2024, ẹgbẹ́ Alarme Phone Sahara ka iye tí ó lé ní 30,000 tí wọ́n lé láti Àlgéríà wá sí Niger láàrin ọdún kan ṣoṣo.

Àwa tí a ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì mọ ohun tí ìrìn bẹ́ẹ̀ ń ṣe sí ara. Ẹni tí ó ń rìn nínú oòrùn gbígbóná lè làágùn tó lítà kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láàrin wákàtí kan. Bí omi ara bá ti ń dínkù, ọkàn á máa lù kìkì, ìtọ̀ á dáwọ́ dúró, kíndìnrín á bẹ̀rẹ̀ sí í kọ iṣẹ́. Lẹ́yìn náà ni iyè ẹni náà yóò dàrú, kò ní mọ ọ̀nà tí ó ń tọ̀ mọ́. Ti ọmọ kékeré yá jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2013, wọ́n rí òkú ènìyàn 92 nínú aṣálẹ̀ Niger, lójú ọ̀nà tí ó lọ sí Àlgéríà. Ọkọ̀ ni ó bàjẹ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Obìnrin àti ọmọdé ni ó pọ̀ jù nínú wọn. Ẹ rántí pé oògùn àìsàn yìí, bí a bá tètè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, kò wọ́n. Omi tí ó mọ́, iyọ̀ díẹ̀ àti ṣúgà ni, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti kọ́ àwọn ìyá wa ní Nàìjíríà láti po ó fún ọmọ tí ìgbẹ́ gbuuru ń ṣe.

Ṣùgbọ́n kí a tó máa dá àwọn ará Assamaka lẹ́jọ́ tàbí kí a máa yìn wọ́n, ẹ jẹ́ kí a fi ara wa sí ipò ìyá kan níbẹ̀. Kẹ́ẹ̀gì omi mélòó kan ni ó wà nílé rẹ̀. Ọmọ mẹ́rin ń wò ó lójú. Àlejò mẹ́wàá dúró sẹ́nu ọ̀nà lónìí, ogún yóò dé lọ́la. Àwọn àgbà wa ní, ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Bí ó bá sọ pé ọmọ òun ni yóò kọ́kọ́ mu, ta ni nínú wa tí yóò sọ pé ó ṣẹ̀? A kò lè béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé kí ó pa ọmọ tirẹ̀ kí ó lè gba ọmọ ọlọ́mọ là. Síbẹ̀, kò lè ti ilẹ̀kùn kí ó sì ṣe bí ẹni pé kò rí wọn, nítorí pé ojú rẹ̀ ti rí wọn. Ìnira ẹni tí ó ń gbé ẹnu ibodè nìyẹn: kì í ṣe òun ni ó yan àlejò, ọ̀nà ni ó gbé e wá bá a.

Ohun mìíràn tún wà níbẹ̀. Àwọn tí ó ń pinnu bí òùngbẹ yóò ti pọ̀ tó ní ìlú bẹ́ẹ̀ kì í gbé ibẹ̀. Ní ọdún 2015, ìjọba Niger ṣe òfin tí ó sọ gbígbé àwọn arìnrìn-àjò kọjá aṣálẹ̀ di ẹ̀ṣẹ̀, àwọn ìjọba Yúróòpù sì dúró tì í. Wọ́n gba ọkọ̀ lọ́wọ́ àwọn awakọ̀, wọ́n sì fi àwọn kan sẹ́wọ̀n. Ọ̀pọ̀ ìdílé ní agbègbè Agadez pàdánù iṣẹ́. Àwọn awakọ̀ tí kò dáwọ́ dúró sì fi ọ̀nà tí kànga wà sílẹ̀, wọ́n ń gba ibi tí sójà kò ti ní rí wọn, níbi tí kò sí omi. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2023 ni ìjọba ológun fagi lé òfin náà. Ẹni tí ó kọ òfin jókòó sínú yàrá tútù. Ẹni tí ó ń gbé etí aṣálẹ̀ ni ó ń sin òkú.

Kí a má sì rò pé Áfíríkà nìkan ni irú èyí ti ń ṣẹlẹ̀. Ìlú kékeré kan wà ní Arizona, níhìn-ín ní Amẹ́ríkà, tí a ń pè ní Ajo. Ó wà nínú aṣálẹ̀, ní nǹkan bí 40 máìlì sí ẹnu ibodè Mẹ́síkò. Iṣẹ́ ìwakùsà bàbà ni ó gbé ìlú náà ró títí wọ́n fi ti ibi ìwakùsà náà pa ní ọdún 1985. Láti ọdún 2000, òkú àwọn arìnrìn-àjò tí wọ́n ti rí nínú aṣálẹ̀ gúúsù Arizona ti lé ní 3,000. Nítorí náà ni àwọn ará ìlú kan fi ń gbé ike omi lọ sínú aṣálẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 2018, wọ́n mú olùkọ́ kan, Scott Warren, ní Ajo, wọ́n sì fi ẹ̀sùn kàn án pé ó fún ọkùnrin méjì ní omi, oúnjẹ àti ibùsùn. Ní oṣù kẹfà ọdún 2019, ẹnu àwọn ará ìlú méjìlá tí wọ́n yàn láti gbọ́ ẹjọ́ náà kò kò. Ní oṣù kọkànlá ọdún kan náà, àwọn méjìlá mìíràn sọ pé kò jẹ̀bi.

Àwọn kan nínú wa lè sọ pé ìlú gbọ́dọ̀ ní ẹnu ibodè, àti pé kì í ṣe gbogbo ẹni tí ó bá dé ni ó gbọ́dọ̀ dúró. A kò jiyàn. Ilé tí kò ní ilẹ̀kùn kì í ṣe ilé. Ṣùgbọ́n ìbéèrè méjì ni ó wà níbẹ̀, a kò sì gbọdọ̀ pa wọ́n pọ̀. Ta ni yóò dúró, ta ni yóò padà? Ti ìjọba àti ilé-ẹjọ́ nìyẹn. Ta ni yóò yè títí di ọ̀la kí wọ́n tó gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀? Ti ẹni tí ó wà nítòsí rẹ̀ ni.

Àwa Yorùbá kò gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ yìí bí ẹni tí kò kàn. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia ní Ghana fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ní ọ̀sẹ̀ méjì péré láti kó ẹrù wọn. Ọ̀pọ̀ ìdílé láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà, Ìgbòho àti ìlú mìíràn ni ó padà wálé pẹ̀lú ìwọ̀nba ohun tí ọwọ́ wọn lè gbé. Àwọn ọmọ kan wà nínú wọn tí kò tíì rí ilẹ̀ Nàìjíríà rí. Nígbà tí ó di oṣù kìíní ọdún 1983, àwa náà lé wọn. Ó lé ní mílíọ̀nù kan ènìyàn tí ìjọba Nàìjíríà ní kí ó máa lọ, ará Ghana ni ó sì pọ̀ jù nínú wọn. Ibodè Ghana wà ní títì, Togo àti Benin sì ti tiwọn, ni àwọn ènìyàn bá há sí ọ̀nà Sẹ̀mẹ̀ pẹ̀lú báàgì tí a sọ ní Ghana Must Go títí dòní. Wọ́n lé wa, àwa náà sì lé ènìyàn. Àwa tí a ń ka Bíbélì mọ̀ pẹ̀lú pé kì í ṣe ọwọ́ olè ni Hágárì ti bọ́ sínú aṣálẹ̀ pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ àti ìgò awọ omi kan. Ilé Ábúráhámù ni wọ́n ti rán an jáde.

Ta ni, nígbà náà, ni ó jẹ gbèsè omi? Ohun tí iṣẹ́ wa kọ́ wa ni a ó fi dáhùn. Nínú wọ́ọ̀dù, nọ́ọ̀sì tí ó wà nítòsí ibùsùn ni yóò kọ́kọ́ dá aláìsàn lóhùn. Kò ní béèrè bóyá aláìsàn náà dára tàbí kò dára, ẹni tí àìsàn rẹ̀ le jù ni yóò kọ́kọ́ tọ́jú. Ṣùgbọ́n kò sí ilé ìwòsàn tí ó lè fi nọ́ọ̀sì kan sílẹ̀ tọ̀sán tòru pẹ̀lú gbogbo wọ́ọ̀dù, kí ó sì wá sọ pé aláàánú ni. Nígbà tí àkókò bá tó, ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ dé láti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni kò bá dé, tí aláìsàn sì kú, ẹ̀bi náà kì í ṣe ti nọ́ọ̀sì tí ó ti rẹ̀ nìkan. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí pẹ̀lú ìyá tí ó wà ní Assamaka. Òun ni òùngbẹ kọ́kọ́ bá, nítorí pé òun ni ó wà nítòsí. Ṣùgbọ́n gbèsè náà kì í ṣe tirẹ̀ nìkan. Ọwọ́ kan kò gbé igbá dé orí. Àwa tí a jìnnà ni a jẹ ẹ́ ní ìrànlọ́wọ́, kì í ṣe ìyìn lásán.

Ibodè sì ti wá bá wa ní Chicago. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 2022 ni bọ́ọ̀sì àkọ́kọ́ dé láti Texas. Kí ọdún 2024 tó parí, àwọn tí ó dé ti lé ní 50,000, ará Fẹnẹsúẹ́là ni ó sì pọ̀ jù. Ní ọdún 2023, ìyá àti ọmọ ń sùn sórí ilẹ̀ àgọ́ ọlọ́pàá. Ní Woodlawn, nígbà tí ìlú fi ilé-ìwé Wadsworth tí wọ́n ti tì pa ṣe ibùgbé fún wọn ní oṣù kejì ọdún 2023, inú bí ọ̀pọ̀ aládùúgbò. Wọ́n rántí pé ní ọdún 2013 ni ìlú ti nǹkan bí 50 ilé-ìwé pa, wọ́n ní kò sí owó. Ẹ má ṣe pè wọ́n ní òǹrorò. Wọ́n wà ní ipò ìyá ọlọ́mọ mẹ́rin tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan: àdúgbò tí kò ní tó ni wọ́n gbé ẹrù náà lé lórí.

Láàrin àwa náà, a gbọ́ ọ̀rọ̀ tí ó ní, "Àwa gba ọ̀nà tí ó tọ́ wọlé, a tò, a sanwó, a sì dúró." Òtítọ́ ni, ìyà rẹ̀ kò sì kéré. Ṣùgbọ́n ta ni ó wá pàdé wa ní O'Hare ní ọjọ́ tí a dé? Ta ni ó yá wa ní kóòtù àkọ́kọ́, tí ó fún wa ní ibùsùn, tí ó fi bí a ti ń wọ ọkọ̀ ojú irin hàn wá? Ìwé físà kò ṣe ìkankan nínú ìwọ̀nyí. Ènìyàn ni ó ṣe é, ẹlòmíràn nínú wọn kò sì tíì mọ̀ wá rí.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí á ṣe ohun mẹ́ta. Èkíní, kí á má fi àríyànjiyàn lórí ìwé di ọ̀nà ohun tí ẹni tí ó wà níwájú wa nílò lónìí: omi, oúnjẹ, aṣọ òtútù. Èkejì, bí a bá gbọ́ pé ẹrù wọ àdúgbò kan lọ́rùn, kí á béèrè ohun tí a lè gbà lọ́wọ́ wọn kí á tó dá wọn lẹ́jọ́. Ẹ̀kẹta, kí á kọ́ àwọn ọmọ wa ní ìtàn ọdún 1969 àti ti ọdún 1983, méjèèjì pọ̀, kí wọ́n má bàa dàgbà pẹ̀lú ìrò pé ọ̀rọ̀ àwọn ẹlòmíràn ni èyí.

Kí Olúwa rántí àwọn tí ń gbé etí aṣálẹ̀ àti àwọn tí ń rìn nínú rẹ̀. Kí ó sì fún àwa náà ní ìfẹ́ láti gba iṣẹ́ nígbà tí ó bá kàn wá. Àmín.