Ta ni ó yẹ kí ó ka lẹ́tà rẹ?

Ìwọ òǹkàwé, gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí. Ìyá kan wà ní kíláàsì wa. Ọmọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní Abidjan. Kí ìyá yìí tó mọ ìwé kà, aládùúgbò kan ni ó máa ń ka lẹ́tà ọmọ náà fún un. Lọ́jọ́ kan, ó dé ọjà, ó gbọ́ iye owó tí ọmọ rẹ̀ fi ránṣẹ́ lẹ́nu àwọn ẹlòmíràn. Kò jalè, kò purọ́. Síbẹ̀, ojú tì í. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí ó fi wá kọ́ ìwé.

Lónìí, ọ̀pọ̀ lẹ́tà ń gba inú kọ̀ǹpútà lọ. Kí ó tó dé, ó ń gba inú ẹ̀rọ àwọn ẹlòmíràn kọjá. Bí a kò bá tì í, ẹni tí ó ni ẹ̀rọ lè kà á bí aládùúgbò yẹn.

Ní ọdún 1991, Phil Zimmermann, ará Amẹ́ríkà, ṣe PGP, ètò kọ̀ǹpútà tí ó ń ti lẹ́tà. Òfin ìlú rẹ̀ ka irú ètò bẹ́ẹ̀ mọ́ ohun ìjà. Ìjọba wádìí rẹ̀ fún ọdún 3, wọ́n sì fi í sílẹ̀ ní 1996 láì gbé e lọ sí kóòtù. Ní 1997, Werner Koch, ará Jámánì, gbé GnuPG jáde. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹni tí ó mọ iṣẹ́ náà lè wo inú rẹ̀, kí ó tún un ṣe, kí ó sì fún ẹlòmíràn.

Kọ́kọ́rọ́ 2 ni ó ní. O lè fún gbogbo ayé ní ọ̀kan, kí wọ́n fi ti lẹ́tà tí wọ́n ń kọ sí ọ. Èkejì, tìrẹ nìkan ni. Òun nìkan ni ó lè ṣí i.

Àwọn kan ń wí pé: «Ẹni tí kò ṣe búburú, kí ni ó ń fi pamọ́?» Mo bi ọ́: bí o bá ń wẹ̀, ṣé o kì í ti ilẹ̀kùn? Ṣé olè ni ọ́? Àwọn baba wa ń fi àrokò ránṣẹ́. Ẹni tí ó gbé e lọ́wọ́ lè má mọ ohun tí ó wí. Lóòótọ́, olè náà lè ti ilẹ̀kùn tirẹ̀. Ṣùgbọ́n a kì í tìtorí olè yọ ilẹ̀kùn gbogbo ìlú.

Ohun kan kù. Kọ́kọ́rọ́ kò lè ti ẹnu ènìyàn. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ̀ ọ́. Ìwọ tí o ti mọ ìwé kà, bí ìyá àgbà kan bá gbé lẹ́tà rẹ̀ wá bá ọ, kà á sí etí rẹ̀ nìkan. Lẹ́yìn náà, gbàgbé ohun tí o kà.