Ṣé Ká Ta Ilẹ̀ Nítorí Mass Communication?



Lẹ́yìn àsàlátù ọjọ́ Àìkú kan ní Ìkòtún, bàbá kan tó ń lẹ táyà lẹ́bàá ọ̀nà ní Ẹgbẹ́dá dá mi dúró. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ti yege nínú ìdánwò JAMB, Mass Communication ló sì fẹ́ kọ́. Bàbá yìí ní ààbọ̀ pulọ́ọ̀tì ilẹ̀ kan ní Ìgàndó, òun ló fẹ́ tà. Ó ní: “Ẹ̀yin Ààfáà, ṣé ọ̀rọ̀ sísọ náà la fẹ́ ta ilẹ̀ lọ kọ́? Bó bá ṣe tán, èló ni wọn yóò máa san fún un?”

Ẹ̀rín kọ́kọ́ pa mí, ṣùgbọ́n mi ò rí èsì fọ̀. Àwọn kan nínú wa a máa sọ pé ọ̀ranyàn ni wíwá ìmọ̀, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣírò owó tó bá kan ẹ̀kọ́. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ọlọ́hun tó pa wíwá ìmọ̀ láṣẹ náà ló kọ ìnákúnàá. Ẹni tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí táyà láti àárọ̀ dalẹ́ ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ibi tí owó rẹ̀ ń lọ.

Iye owó ẹ̀kọ́ gan-an kì í dúró sójú kan. Ẹ rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní LASU. Ní ọdún 2011, owó tí akẹ́kọ̀ọ́ tuntun ń san kúrò ní 25,000 náírà, ó fò sókè sí àárín 193,750 àti 348,750 náírà, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀ka tí kálukú wà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi ẹ̀hónú hàn títí, ọdún 2014 ni ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó tó dá a padà sí 25,000. Ẹ wá wo bàbá tó bá ti ta ilẹ̀ ní 2012 nítorí owó yẹn. Wọ́n dá owó ilé-ẹ̀kọ́ padà. Ta ni yóò dá ilẹ̀ rẹ̀ padà fún un?

Ẹlòmíràn yóò ní kí ọmọ lọ yá owó. Láti ọdún 2024 ni òfin tuntun ti wà tí ìjọba àpapọ̀ fi ń yá akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba lówó, àjọ NELFUND ló ń bójú tó o. Owó náà kò ní èlé, nítorí náà kò sí ríbà níbẹ̀. Èyí dára. Àmọ́ gbèsè náà ni. Àńábì wa Muhammad (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) a máa sá di Ọlọ́hun kúrò lọ́wọ́ gbèsè, ìdí tó sì sọ fún wọn ni pé onígbèsè a máa purọ́, a sì máa yẹ àdéhùn.

Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Onígbèsè tó jẹ́ káfíńtà lè purọ́ pé àga yóò jáde lọ́jọ́ Ẹtì. Onígbèsè tó jẹ́ akọ̀ròyìn ńkọ́? Gbogbo ìlú ni irọ́ tirẹ̀ ń dé.

Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ìròyìn ló ń jẹ òṣìṣẹ́ lówó oṣù. Àwọn mìíràn, káàdì ìdánimọ̀ ni wọ́n kó lé akọ̀ròyìn lọ́wọ́, pé kó máa fi wá jíjẹ mímu. Ó dé òde ayẹyẹ, wọ́n ká owó sínú àpòòwé fún un, ìròyìn olówó sì jáde bí olówó ṣe fẹ́. Òfin ìwà àwọn oníròyìn Nàìjíríà, tí wọ́n fọwọ́ sí ní Ìlọrin lọ́dún 1998, sọ pé akọ̀ròyìn kò gbọ́dọ̀ gba irú owó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí bàbá rẹ̀ ta ilẹ̀ nítorí rẹ̀, tí àbúrò mẹ́rin ń wò lójú, ṣé yóò rántí Ìlọrin? Súrà Al-Hujuraat, áàyà kẹfà, pa á láṣẹ fún àwa tí à ń gbọ́ ìròyìn pé ká wádìí rẹ̀. Mélòómélòó ni ẹni tó fi ọdún mẹ́rin kọ́ bí a ti ń gbé e jáde!

N kò sọ pé kí wọ́n má lọ o. Alhaji Babatunde Jose kò ti yunifásítì wá nígbà tó wọ Daily Times lọ́dún 1941 láti kọ́ṣẹ́ ìtẹ̀wé. Ó di olóòtú ní 1957, ó sì di alága ilé-iṣẹ́ náà. Síbẹ̀, òun kan náà ló ń wá àwọn tó gboyè kiri láti wá bá a ṣiṣẹ́. Ayé ìgbà yẹn sì ti lọ. Ìwé-ẹ̀rí ni wọ́n ń kọ́kọ́ béèrè báyìí.

Mo sọ fún bàbá náà pé kó má ta ilẹ̀. Kí ọmọ wá ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba tí yóò lè máa ti ilé lọ, kó sì kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ kan mọ́ ọn, kó lè jẹun lọ́jọ́ tó bá kọ àpòòwé.

Ó wò mí. “Ṣé kó lè máa kọ owó ni mo ṣe fẹ́ rán an níwèé?”

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní òun yóò lọ bá ìyá rẹ̀ sọ ọ́. Ó tó oṣù mẹ́ta sí ìgbà náà. Wọn kò tíì ta ilẹ̀, ọmọ náà sì ti ń kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán lọ́dọ̀ ẹnì kan ní Ìkòtún.