Ẹ̀rù Ọmọdé, Iṣẹ́ Àgbà

Nínú èdè wa, bí ọmọ bá rí ohun tí ó mú un gbọ̀n, ohun tí a ń sọ ni pé ẹ̀rù bà á. Ẹ jẹ́ kí àwa tí a ń kọ́ gírámà wo gbólóhùn yìí dáadáa. Ẹ̀rù ni olùwà, ọmọ ni àbọ̀. Ẹ̀rù ni ó ṣe iṣẹ́, ọmọ ni a ṣe é sí, gẹ́gẹ́ bí òjò ti ń pa ènìyàn tàbí bí ebi ti ń pa á. Kò sí ẹni tí í bá ọmọ jà nítorí pé ebi ń pa á; ṣùgbọ́n bí ẹ̀rù bá bà á, lójú ẹsẹ̀ ni a ó ti pè é ní ojo. Bẹ́ẹ̀ ni ìwà sì ni a fi ń mọ ojo. Ohun tí ènìyàn ṣe lẹ́yìn tí ẹ̀rù ti bà á ni ó ń sọ ọ́ di ojo tàbí akọni. A ń dá ọmọ lẹ́bi ohun tí kò ṣe, a sì ń gbàgbé láti ràn án lọ́wọ́ lórí èyí tí ó lè ṣe.

Ìbéèrè tí mo fẹ́ gbé yẹ̀ wò ni pé, bí ẹ̀rù bá ba ọmọdé, ọwọ́ ta ni ìgboyà rẹ̀ wà? Ọ̀pọ̀ òbí yóò dáhùn pé ọwọ́ ọmọ náà ni. Kí ó ṣe bí ọkùnrin, kí ó nu ojú nù. Èdè wa kò gbà bẹ́ẹ̀. A máa ń sọ pé ẹnì kan já ọmọ láyà, a sì máa ń sọ pé ẹnì kan ki ọmọ láyà. Àyà kan náà ni, ọwọ́ ẹlòmíràn ni ó sì wà nínú méjèèjì.

Ilé wo ni a kì í ti í já ọmọ láyà? Bí kò bá jẹun, a ó ní ọlọ́pàá ń bọ̀. Bí kò bá sùn, egúngún yóò gbé e lọ. Bí ó bá ń ké, dókítà yóò gún un ní abẹ́rẹ́. Nígbà tí ó bá tó ilé ìwé í lọ, orúkọ olùkọ́ ni a ó máa fi dẹ́rù bà á (èmi gan-an ti di iwin lẹ́nu àwọn ìyá tí n kò rí rí). Ó ń ṣiṣẹ́, n kò jiyàn. Ọmọ á jẹun, á sì sùn. Ṣùgbọ́n ẹ wo àwọn tí a sọ di iwin: ẹni tí yóò tọ́jú rẹ̀ bí ara rẹ̀ kò bá yá, ẹni tí yóò mú un wálé bí ó bá sọnù, ẹni tí yóò kọ́ ọ ní ìwé. Lọ́jọ́ tí àgbàlagbà búburú kan bá fi ọwọ́ kan ọmọ náà níbi tí kò yẹ, tí ó sì ní bí ó bá sọ fún ẹnikẹ́ni òun yóò pa á, ọ̀dọ̀ ta ni ọmọ yóò sá lọ? Gbogbo ilẹ̀kùn ni àwa fúnra wa ti fi ẹ̀rù tì.

Ní ọdún 1920, ní Amẹ́ríkà, John Watson àti Rosalie Rayner fi ọmọ ọwọ́ kan ṣe ìdánwò. Albert ni wọ́n pè é nínú ìròyìn wọn. Ẹ̀rù eku funfun kò bà á tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó ti ń na ọwọ́ sí eku náà, wọn a fi òòlù lu irin gbàgà lẹ́yìn rẹ̀. Kò pẹ́ tí eku nìkan fi tó láti mú un ké. Ehoro àti ajá pàápàá di ohun ẹ̀rù fún un. Iṣẹ́ ìkà gbáà ni. Síbẹ̀, kí ni ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin irin yẹn àti ‘ọlọ́pàá ń bọ̀’?

Ní 1924, Mary Cover Jones tẹ ìròyìn ti Peter jáde, ọmọ tí kò tí ì pé ọdún mẹ́ta nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, tí ẹ̀rù ehoro sì ń bà. Kò bá a jiyàn pé ehoro kò lè ṣe é ní nǹkan. Kò sì ju ehoro lé e lára. Ó mú àwọn ọmọ tí kò bẹ̀rù ehoro wá bá a ṣeré. Ó fún un ní oúnjẹ tí ó fẹ́ràn, ó gbé ehoro náà sínú àgò lọ́ọ̀ọ́kán, ó wá ń sún un mọ́ ọn. Nígbà tí ajá ńlá kan dẹ́rù ba Peter lágbedeméjì, ẹ̀rù àtijọ́ padà, wọ́n sì tún bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Níkẹyìn, Peter ń fi ọwọ́ pa ehoro lára. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Àwọn baba wa kò kọ èyí sínú ìwé, ṣùgbọ́n ó wà nínú eré tí wọ́n fi lé àwọn ọmọ lọ́wọ́. Nínú ẹkùn mẹ́ran, ẹkùn ń yí agbo ká, ó ń wá ẹran tí yóò gbé; àwọn ọmọ sì ti di ara wọn lọ́wọ́ mú. Nínú bojúbojú, orúkọ Olórò tí àgbà pàápàá ń sá fún di ohun tí ọmọ ọdún mẹ́fà ń pè tẹ̀ríntẹ̀rín. Àkàrà-ògùn ńkọ́, nínú Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tí Fágúnwà tẹ̀ jáde ní 1938? Ìrìn àjò tí ó tóbi jù, ti Òkè Láńgbòdó, òun àti àwọn akọni ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n jọ lọ ọ́. Bí ògbójú bá ń wá ẹlẹgbẹ́, kí ló dé tí a fi ń ní kí ọmọ ọdún méje dá lọ sí ẹ̀yìnkùlé lóru kí ó lè baà láyà?

Àwọn kan yóò wí pé ọmọ tí kò bẹ̀rù ohunkóhun, mọ́tò ni yóò pa á. Òótọ́ ni. Iná ń jóni, odò ń gbéni lọ. Kí a sọ bẹ́ẹ̀ fún ọmọ gan-an bí ó ti rí. Ẹ̀rù iná fún iná jẹ́ ọgbọ́n. Èyí tí mo ń bá jà ni ẹ̀rù àyálò, tí a yá lọ́wọ́ ọlọ́pàá kí ọmọ lè jẹ ẹ̀bà.

Ní kíláàsì, ìwé kíkà sókè ni ehoro ọ̀pọ̀ ọmọ wa. Ẹgba kò wo èyí sàn rí lójú mi. Ẹ̀rín àwọn ẹlẹgbẹ́ ni kí olùkọ́ kọ́kọ́ dá dúró. Lẹ́yìn náà, kí ọmọ àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ jọ ka ìlà méjì pọ̀, kí ó tó kà á fún ọ̀rẹ́ náà nìkan, kí ó tó kan ìjókòó kan, kí ó tó kan gbogbo kíláàsì. Mo mọ ọmọbìnrin kan tí ó gbà ní sáà kan gbáko kí ó tó dá ka ìpínrọ̀ kan tán. Ohùn rẹ̀ ṣì ń gbọ̀n lọ́jọ́ náà. Nígbà tí mo bi í bóyá ẹ̀rù kò bà á mọ́, ó ní, “Ó ń bà mí, sà.” Ó sì bèèrè bóyá òun lè ka ti ọjọ́ Ẹtì.