Nípa Yíyá Ẹlòmíràn ní Orúkọ Ẹni

Àwọn baba wa a máa wí pé, ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ọ̀rọ̀ yìí kò pin sọ́dọ̀ ọmọ tí a bí nìkan. Ẹni tí ó bá dá òwò sílẹ̀ a máa sọ òwò rẹ̀ lórúkọ pẹ̀lú, orúkọ náà a sì máa dàgbà bí ọmọ: bí ó bá hùwà rere, àwọn ènìyàn a fẹ́ràn rẹ̀, bí ó bá hùwà ibi, wọn a sá fún un. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí àwọn oníṣòwò ń ṣe sí orúkọ: wọn a máa yá ẹlòmíràn lò. Nítorí náà ni a ṣe fẹ́ bi ẹ̀yin olùkàwé wa léèrè pé: bí ènìyàn bá yá ẹlòmíràn ní orúkọ rẹ̀, tí ẹni náà sì fi ṣe ohun tí kò dára, ọrùn ta ni ẹ̀bi náà wà?

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe eré lójú wa, nítorí pé ọwọ́ àwa tìkára wa kò mọ́ pátápátá nínú rẹ̀.

Ìyá àgbà kan wà ní ìlú tí a ti ń ṣiṣẹ́, ọṣẹ dúdú ni ó ń sè. Eérú èèpo kòkó ni ó ń lò, a sì máa sẹ́ omi rẹ̀ pẹ̀lú sùúrù. Ojúlówó àdín ni í dà sí i. Kì í sì í sọ ọṣẹ náà kalẹ̀ lórí iná títí yóò fi jinná dáradára. Ó ti fi orúkọ òwò rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba. Nígbà tí ó ṣe, ọmọ àbúrò rẹ̀ kan fẹ́ dá kọ́ńpìnnì ti ara rẹ̀ sílẹ̀ ní ìlú mìíràn, ó sì fẹ́ kí ó máa jẹ́ orúkọ ìyá yìí. Òfin kò gbà kí a fi orúkọ tí yóò tẹ ẹ̀tọ́ orúkọ òwò ẹlòmíràn lójú sílẹ̀, àfi bí ẹni tí ó ni ín bá fọwọ́ sí i. Ìyá náà sì tọ̀ wá wá, ó ní, "Tíṣà, ẹ bá mi kọ ìwé náà. Ọmọ mi ni; kí ni n ó fi dù ú?" A kọ ọ́. Ìlà mẹ́rin péré ni: pé òun gbà kí kọ́ńpìnnì náà máa jẹ́ orúkọ òun. A kò kọ ohunkóhun nípa bí a ó ti máa se ọṣẹ náà. A tilẹ̀ wí fún un pé kò séwu.

Kò pé ọdún kan tí ọṣẹ mìíràn fi dé ọjà, tí orúkọ ìyá náà wà lára rẹ̀. Wọn kò jẹ́ kí ó jinná, omi eérú inú rẹ̀ sì le jù. Ó bó àwọn ọmọdé lára. Ẹnu ọ̀nà ta ni àwọn ìyá wọn gbé wọn wá? Ẹnu ọ̀nà ìyá àgbà ni, nítorí pé orúkọ rẹ̀ ni wọ́n mọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ gbọ́ ohun tí òfin wí, nítorí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa da nǹkan mẹ́ta pọ̀. Èkíní ni orúkọ òwò. Gẹ́gẹ́ bí òfin Nàìjíríà ti ọdún 2020, ẹni tí ó bá ń ṣòwò ní orúkọ tí kì í ṣe orúkọ ara rẹ̀ gan-an ní láti fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ ìjọba tí ń tọ́jú ìwé àwọn kọ́ńpìnnì. Ṣùgbọ́n èyí kò bí ènìyàn titun: òwò àti olówò ọ̀kan náà ni wọ́n, gbèsè òwò sì ni gbèsè olówò. Èkejì ni kọ́ńpìnnì. Ènìyàn titun ni èyí lójú òfin. Ó lè ra ilẹ̀, ó lè jẹ gbèsè, ó sì lè pe ẹjọ́. Ẹ̀kẹta ni àmì ọjà, tí a ń fi sílẹ̀ ní ibòmíràn gẹ́gẹ́ bí òfin ti ọdún 1965. Ẹni tí ó ní ọ̀kan nínú wọn kò tíì ní ìyókù.

Ní ti kọ́ńpìnnì, ẹjọ́ kan tí ó lókìkí wáyé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Aron Salomon, aránbàtà ní Lọ́ńdọ̀nù, sọ òwò rẹ̀ di kọ́ńpìnnì ní ọdún 1892. Ìpín 20,007 ni ó wà nínú rẹ̀; òun nìkan ni ó ni 20,001, ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ márùn-ún sì ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Kò pẹ́ tí kọ́ńpìnnì náà fi ṣubú, àwọn tí ó jẹ ní gbèsè sì ké pé Salomon ni kí ó san án. Ní ọdún 1896, ilé ẹjọ́ tí ó ga jùlọ ní ilẹ̀ náà nígbà náà dá a pé Salomon kì í ṣe kọ́ńpìnnì, kọ́ńpìnnì kì í sì í ṣe Salomon. Orí ìpìlẹ̀ yìí ni òfin Nàìjíríà dúró lé títí di òní.

Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹnìkan lè wí pé, "Ìyá àgbà kò lẹ́bi; kò jẹ́ gbé ọṣẹ náà ká iná." Ṣùgbọ́n ilé ẹjọ́ kan náà ni ó dá ẹjọ́ Bowden ní ọdún 1914. Ẹ̀yin tí ẹ ń gun kẹ̀kẹ́ mọ okùn irin tí ń fa bíréèkì. Kọ́ńpìnnì kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó ń ṣe okùn náà, Bowden sì ni àmì ọjà rẹ̀. Ó fún kọ́ńpìnnì mìíràn tí ń ṣe bíréèkì láyè láti máa lo àmì kan náà. Nígbà tí ìjà dé láàrin wọn, àwọn onídàájọ́ wí pé àmì náà kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ mọ́. Kí ni ìdí rẹ̀? Àmì ń wí fún ẹni tí ń rajà pé ibì kan ni ọjà yìí ti wá. Bí ibi méjì bá ń lò ó, àmì ti di irọ́. Nígbà tí òfin wá yọ̀ǹda irú yíyá bẹ́ẹ̀ ní ọdún 1938, ó béèrè pé kí onítọ̀hún ṣàlàyé bí agbára rẹ̀ yóò ti tó lórí lílò tí ẹlòmíràn ń lo àmì rẹ̀.

Ǹjẹ́ àwọn ẹjọ́ méjèèjì yìí ha ta ko ara wọn bí? Rárá. Ẹni tí ó bá yá kọ́ńpìnnì lówó lè lọ wo ìwé ìjọba, kí ó sì mọ ẹni tí òun ń bá dá òwò pọ̀. Bí ó bá yá a tán, kò lè wí pé òun kò mọ̀. Ṣùgbọ́n ìyá tí ó ra ọṣẹ ní ọjà alẹ́ kò rí ìwé kankan. Orúkọ nìkan ni ó rí, orúkọ ni ó sì gbẹ́kẹ̀ lé. Nítorí náà a gbà pé ìyá àgbà kò ní láti san owó ilé tí ọmọ àbúrò rẹ̀ jẹ, tàbí owó àdín tí ó gbà láwìn. Ti kọ́ńpìnnì nìyẹn. Ṣùgbọ́n ní ti ọṣẹ tí ó jẹ́ orúkọ rẹ̀, ó dà bí onígbọ̀wọ́. Onígbọ̀wọ́ kò ná nínú owó náà, síbẹ̀ òun ni a ó wò lójú, nítorí pé nítorí rẹ̀ ni a ṣe yọ̀ǹda owó.

Èyí kò wí pé kí a má ṣe yá ẹnikẹ́ni lórúkọ. Bí kò bá sí yíyá, iṣẹ́ rere ìbá kú pẹ̀lú ẹni tí ó dá a sílẹ̀. Ohun tí a ń wí ni pé, ẹni tí yóò yá ni lórúkọ gbọ́dọ̀ pa ohun mẹ́ta mọ́. Kí ó kọ ọ́ sílẹ̀ bí iṣẹ́ náà yóò ti rí. Kí ó ní àyè láti lọ wò ó nígbàkúùgbà. Kí ó sì lè gba orúkọ rẹ̀ padà ní ọjọ́ tí a bá bà á jẹ́. Ẹni tí ó bá yọ̀ǹda orúkọ láìní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò yá ènìyàn lórúkọ. Ó gbé e sọnù ni.

Ìyá náà kò dúró de ẹjọ́. Ó dá owó padà fún gbogbo ẹni tí ó mú ọṣẹ náà wá, láti inú àpò ara rẹ̀. A wí fún un pé bóyá òfin kò béèrè èyí lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, "Tíṣà, òfin kọ́ ni wọ́n ń pè lẹ́nu ọ̀nà mi. Orúkọ mi ni." Lẹ́yìn náà ó ránṣẹ́ pe ọmọ àbúrò rẹ̀, a sì kọ ìwé mìíràn. Ojú ewé mẹ́ta ni èyí, bí a ti ń sẹ́ omi eérú ni ó sì ṣáájú nínú rẹ̀. A san ìdá kan nínú owó tí ìyá náà dá padà, nítorí pé àwa ni a kọ ìlà mẹ́rin àkọ́kọ́.

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ wa, bí ẹ kò tilẹ̀ ní kọ́ńpìnnì, ẹ ń yá ènìyàn lórúkọ lọ́dọọdún. Ìwé ẹ̀rí tí ẹ ń kọ fún ọmọ tí ń wá iṣẹ́, orúkọ yín ni ó ń gbé e wọlé. Ẹ̀yin ọmọ ilé ẹ̀kọ́, nígbà tí ẹ bá sì wí pé, "Ilé ẹ̀kọ́ báyìí ni mo ti jáde," orúkọ tí kì í ṣe tiyín nìkan ni ẹ mú lọ́wọ́. Kí ẹni tí ń yáni wò ó dáradára kí ó tó fọwọ́ sí i. Kí ẹni tí a yá sì rántí pé bí òun bá já orúkọ náà kulẹ̀, ẹnu ọ̀nà ẹlòmíràn ni àwọn ènìyàn yóò lọ kàn.