Oyè tí A Kò Kàwé Fún

Ọ̀rọ̀ kan wà tí a máa ń bá ara wa jiyàn lé lórí nígbàkúùgbà tí ọjọ́ ìkẹ́kọ̀ọ́jáde bá ń súnmọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ ti fi ọdún mẹ́rin jìyà, ó ti sọ òru di ọ̀sán, ó ti mu gàrí títí ó fi sú u, ó sì ti ṣe ìdánwò títí ojú rẹ̀ fi jìn wọnú; ṣùgbọ́n nígbà tí ọjọ́ ayẹyẹ pé, ẹni tí wọ́n kọ́kọ́ dá lọ́lá lójú agbo ni ẹni tí kò jókòó sí kíláàsì wọn rí. Wọ́n wọ aṣọ oyè fún un, wọ́n ka iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sétí ìjọ ènìyàn, wọ́n sì sọ ọ́ di ọ̀mọ̀wé. Ẹnì kan á ní ẹ̀tọ́ ni; ẹlòmíràn á ní ìrẹ́jẹ ni. Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ náà kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀, n ó sì fẹ́ kí á jùmọ̀ tú u wò.

Oyè ìdánilọ́lá kì í ṣe ohun tuntun. Èyí tí a mọ̀ sí àkọ́kọ́ ní Oxford ni èyí tí wọ́n fún Lionel Woodville ní nǹkan bí ọdún 1478. Wọ́n yọ̀ǹda fún un kí ó di dókítà nínú òfin ìjọ láìṣe gbogbo ohun tí ilé ẹ̀kọ́ náà ń béèrè lọ́wọ́ àwọn ẹlòmíràn. Kí ni Woodville ní tí àwọn ìyókù kò ní? Elizabeth, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ni aya Edward Kẹrin, ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń sọ pé àwọn olówó àti àwọn olóṣèlú ayé òde òní ni wọ́n ba oyè yìí jẹ́, kò wádìí dé ìdí. Láti inú oyún ni àrùn náà ti wà.

Ní Amẹ́ríkà, ní 1833, Harvard fi oyè dókítà nínú òfin dá Ààrẹ Andrew Jackson lọ́lá. Lóòótọ́ Jackson ti ṣe agbẹjọ́rò àti adájọ́ rí, ṣùgbọ́n ogun ni ó sọ ọ́ di olókìkí, kì í ṣe ìwé. John Quincy Adams, tí ó jẹ Ààrẹ ṣáájú rẹ̀, tí òun fúnra rẹ̀ sì jẹ́ ọmọ Harvard, kọ̀ láti lọ síbẹ̀. Ó kọ ọ́ sínú ìwé ìrántí rẹ̀ pé ìtìjú ni kí ilé ẹ̀kọ́ òun máa yẹ́ aláìmọ̀kan tí kò lè kọ gbólóhùn kan kí ó tọ́ sí. Ẹ má sì gbàgbé pé Jackson yìí kan náà ni ó fẹ̀yìn Adams gbálẹ̀ nínú ìdìbò 1828. Kì í ṣe ìfẹ́ gírámà nìkan ni ó ń bá bàbá náà jà.

Àwọn ilé ẹ̀kọ́ kan ti yọ ara wọn kúrò nínú ìyọnu yìí. MIT kì í fúnni ní irú oyè bẹ́ẹ̀. Cornell fún ènìyàn méjì péré ní 1886, ó sì jáwọ́.

Ṣùgbọ́n ibi tí mo ti rí ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ilé ẹ̀kọ́ rárá. Orí pápá bésíbọ́ọ̀lù ni. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Bésíbọ́ọ̀lù ni eré tí àwọn ará Amẹ́ríkà fẹ́ràn, tí ó dà bí ìbátan kíríkẹ́ẹ̀tì: ẹnì kan á ju bọ́ọ̀lù, ẹnì kejì á fi igi gbá a. Àṣà wọn ni pé kí eré tó bẹ̀rẹ̀, wọn a pe àlejò pàtàkì kan kí ó ju bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́. Ní ọjọ́ 14 oṣù April, 1910, Ààrẹ Taft ju tirẹ̀ ní Washington, gbogbo ènìyàn sì pàtẹ́wọ́. Lẹ́yìn náà ni Walter Johnson, tí jíju bọ́ọ̀lù jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀, bọ́ sójú eré, ó sì jù ú débi pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni àwọn ọ̀tá rí i gbá dáadáa ní gbogbo ọjọ́ náà. Ti Johnson ni wọ́n kọ sínú ìwé ìṣirò. Ti Taft kò sí níbẹ̀, inú kò sì bí Taft. Kò padà sílé lọ kọ “Ajubọ́ọ̀lù” ṣáájú orúkọ rẹ̀.

Ìtàn kejì ni ti Ted Williams ti ẹgbẹ́ Boston Red Sox. Ní 1941, ó di ọjọ́ ìkẹyìn ọdún eré, Williams ti gbá bọ́ọ̀lù dáadáa ní ìgbà 179 nínú 448. Bí ẹ bá pín in, ẹ ó rí 399 àti díẹ̀ lé ní ààbọ̀ nínú 1,000. Àwọn oníṣirò ì bá sún un sí 400, iye tí ọ̀pọ̀ àgbà eléré fi gbogbo ayé wọn lé tí ọwọ́ wọn kò tó. Joe Cronin, olórí ẹgbẹ́ rẹ̀, wí fún un pé bí ó bá wù ú kí ó jókòó, kí ó má ṣeré lọ́jọ́ náà, kí iye náà má baà wálẹ̀. Williams kọ̀. Eré méjì ni wọ́n ṣe ní Philadelphia lọ́jọ́ náà, kò sì yọ ẹsẹ̀ nínú ọ̀kankan. Nínú ìgbà 8, ó mú 6. Ó parí ọdún náà pẹ̀lú 406, láti ìgbà náà sì ni ẹnikẹ́ni kò tíì dé 400 nínú líìgì ńlá méjèèjì tí wọ́n ní nígbà náà.

Ẹ wò ó, kò sí ẹni tí ì bá fi Williams sùn. Òfin gbà á láyè. Ṣùgbọ́n 400 ìdánilọ́lá ni ì bá jẹ́, òun fúnra rẹ̀ ì bá sì mọ̀.

Mo rò pé ìyàtọ̀ náà nìyí. Iye wà, ẹ̀yẹ sì wà. Àwa Yorùbá kò nílò kí òyìnbó kọ́ wa ní èyí. Ọba lè fi oyè dá ọlọ́rọ̀ tàbí àlejò lọ́lá, ìlú á sì bá a jó. Ṣùgbọ́n n kò tíì gbọ́ ìlú tí wọ́n ti sọ ẹni tí kò mọ Ogbè yàtọ̀ sí Ọ̀yẹ̀kú di babaláwo nítorí pé ó kọ́ afárá fún wọn.

N ò bá dúró síbẹ̀, bí kò bá ṣe ti Àjàyí Crowther. Ní 1864, ọdún tí wọ́n fi í jẹ bíṣọ́ọ̀bù, Oxford fún un ní oyè Dókítà nínú ìmọ̀ Ọlọ́run. Kò kàwé ní Oxford. Fourah Bay ni ó ti kàwé, Fourah Bay kò sì bá yunifásítì kankan dòwò pọ̀ títí di 1876. Ṣé kí á ní Taft ni Crowther? Àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ ti jáde láti 1843. Ó ti ń fi èdè tí a kò tíì kọ sílẹ̀ rí dáadáa túmọ̀ Bíbélì. Ta ni ó wà ní Oxford nígbà náà tí ì bá jókòó bi í léèrè nípa ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀? Kò sí. Ìgbà mìíràn wà tí ẹni tí a ń fún ní oyè mọ ohun tí àwọn olùdánwò kò mọ̀, tí ilé ẹ̀kọ́ kò sì ní ọ̀nà mìíràn láti gbà bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀ ẹ̀yẹ ṣì ni, kì í ṣe apata: nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ míṣọ́nnárì òyìnbó dojú kọ bàbá arúgbó náà ní 1890, oyè Oxford kò gbèjà rẹ̀.

Irú mìíràn sì tún wà tí ó jẹ́ gbèsè. Ní 1942, nígbà tí Amẹ́ríkà ń bá Japan jagun, ìjọba kó àwọn ọmọ ilẹ̀ rẹ̀ tí wọ́n jẹ́ ìran Japan kúrò ní etíkun ìwọ̀-oòrùn lọ sí àgọ́. Nǹkan bí 700 nínú wọn jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì California, ẹ̀kọ́ wọn sì dá sí agbedeméjì. Láti 1972 ni yunifásítì náà ti dá oyè ìdánilọ́lá dúró. Ní 2009 ó yẹ òfin náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nítorí àwọn wọ̀nyí. Àwọn tí ó kù láyé ti di arúgbó. Ti àwọn mìíràn, ọmọ ni ó bá wọn gbà á. Ẹni tí ó bá lè pe ìyẹn ní ọ̀fẹ́, kí ó dìde.

Nípa gbígba oyè padà, ẹ wo Mugabe. Edinburgh dá a lọ́lá ní 1984, ó gbà á padà ní 2007. Massachusetts fún un ní 1986, ó gbà á padà ní 2008. Ṣùgbọ́n àwọn oyè tí Mugabe ṣe ìdánwò fún ní Fort Hare àti ní London, ta ni ó lè fọwọ́ kàn wọ́n? Ẹlẹ́rìí lè yí ẹ̀rí rẹ̀ padà. Iye kò ṣe é yí.

Àwọn ọ̀gá àgbà yunifásítì wa ti rí èyí. Ní Keffi, ní 2012, wọ́n fohùn ṣọ̀kan pé ẹni tí a fi oyè dá lọ́lá kò gbọdọ̀ fi “Dókítà” ṣáájú orúkọ rẹ̀. Ẹ wo ara ògiri nígbà ìdìbò kí ẹ rí bí wọ́n ti gbọ́ràn sí.

Èmi fara mọ́ òfin Keffi. Síbẹ̀ ẹnì kan ń dà mí láàmú. Benjamin Franklin kò lò ju ọdún méjì lọ ní ilé ẹ̀kọ́. Iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni wọ́n fi í sí. Òun ni ó fi hàn pé iná mànàmáná ni mànàmáná ojú ọ̀run. St Andrews fún un ní oyè dókítà nínú òfin ní 1759, láti ọjọ́ náà ni wọ́n sì ti ń pè é ní Dókítà Franklin, òun náà sì ń jẹ́ ẹ. Nínú òfin kò kú sí ibì kan. Ó sì wà nínú ìmọ̀ tí a ń kọ́ ní kíláàsì wa títí di òní. Bí ó bá wọlé tọ̀ mí wá nísinsìnyí, n kò rò pé ẹnu mi lè gbé “Ọ̀gbẹ́ni”.