Ìwúre fún Efínrín Inú Ilé ní Bassila àti Manigri

Olódùmarè, Ọba atẹ́rẹrẹ káyé, ìwọ tí o fi òórùn sínú ewé, tí o sì fi ìmọ̀ rẹ̀ sọ́wọ́ àwọn ìyá wa, a kí ọ. A kí ilẹ̀ Bassila, a kí ilẹ̀ Manigri, ní orílẹ̀-èdè Benin. A kí igbó Pénéssoulou, a kí igbó Òkè Kouffé. A kí àwọn tó ń sọ Anii ní Bassila, a kí àwọn ọmọ Yorùbá ní Manigri, a kí ẹbí wọn ní Kambolé lẹ́yìn ààlà Togo, tí èdè wọn jẹ́ ọ̀kan náà. Mùsùlùmí wà nínú àwa tí a ń wúre yìí, onígbàgbọ́ wà, oníṣẹ̀ṣe wà. Ohun kan náà ni gbogbo wa ń tọrọ: kí efínrín má ṣe di ohun tí à ń wá kiri. Kí ó wà nínú ọgbà ìyá, kí ó wà lẹ́yìn ilé ọmọ. Àṣẹ.

Ìgbà òjò kan ṣoṣo la ní lọ́dún ní apá ibí yìí, láti bí oṣù Kẹrin títí dé oṣù Kẹwàá. Kí àkọ́rọ̀ òjò bá wa láyọ̀, kí ó bá wa lálàáfíà ara. Ìyá tó bá gbọn èso efínrín sórí ilẹ̀, kí èso náà hù. Hóró rẹ̀ kéré púpọ̀; ẹni tó bá rì í wọlẹ̀ bí ẹni gbin àgbàdo, ó ti sin ín nìyẹn. Kí Olódùmarè fún wa ní sùúrù tí a ó fi gún ilẹ̀ náà kúnná, tí a ó fi bu erùpẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ lé e, tí a ó fi ọwọ́ wọ́n omi sí i, kí àgbàrá má baà gbá a lọ. Kí adìyẹ má ṣe tú u. Bí ó bá yọ ewé mẹ́rin sí mẹ́fà, tí a tú u lọ síbi tí oòrùn ti ń dé, kí gbòǹgbò rẹ̀ mú ilẹ̀. Ẹni tó sì jẹ́ pé ẹ̀ka ló rí, tí kò rí èso, kí ẹ̀ka náà ta gbòǹgbò fún un.

Efínrín tí a bá já lórí máa ń pẹ̀ka sí ẹ̀gbẹ́ ni. Ibi tí a ti mú ọ̀kan, méjì ló ń yọ. Bẹ́ẹ̀ ni kí ó rí fún ẹ̀yin tí ẹ gbìn ín: ohun tó bá kúrò lọ́wọ́ yín, kí ìlọ́po rẹ̀ wọlé. Bí ó bá tanná, kí ẹ rántí gé òdòdó náà kí ewé lè pọ̀, àfi ìwọ̀nba tí ẹ bá fi sílẹ̀ de èso ọdún tó ń bọ̀. Nígbà tí ọyẹ́ bá dé, tí ilẹ̀ gbẹ, kí omi ìfọwọ́ inú ilé yín tó o, kí ó má kú sí yín lọ́wọ́. Bí ẹ bá sì fẹ́ sá a, kí ẹ sá a sábẹ́ òjìji, nítorí oòrùn gangan a máa lé òróró rẹ̀ lọ. Àṣẹ.

Kì í ṣe gbogbo wa ló ní ẹ̀yìnkùlé. Ayálégbé tó ń gbé lẹ́bàá ọ̀nà ńlá tó lọ sí Djougou, kí korobá rẹ̀ tó ti là sin ín dáadáa, kí ó lu ìdí rẹ̀ kí omi lè rí ọ̀nà jáde. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí mo fi ìkúnlẹ̀ bẹ̀: ike tí wọ́n fi gbé oògùn kòkòrò lọ sí oko òwú, kí ó má ṣe wọ ilé wa. Kí a má fi gbin efínrín, kí a má fi pọn omi tí a ó bù sí i. Bí a fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, májèlé kò tán nínú rẹ̀. Olódùmarè, má jẹ́ kí ohun tí a gbìn fún ìlera di ohun tó ń mú ni lọ.

Mo wúre fún ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń fún un sínú omi nígbà tí inú bá ń kùn, tí ẹ ń sè é fún ikọ́ àti ọ̀fìnkìn, tí ẹ ń gé e sínú ọbẹ̀ ẹlẹ́ja títí òórùn rẹ̀ fi gba àdúgbò. Àwọn Fọn tó ń bá wa gbé ń pè é ní tchayo, wọ́n sì ń jẹ ẹ́ lẹ́fọ̀ọ́. Kí ọwọ́ yín má ṣe gbọ̀n. Kí ojú yín má ṣe fọ́ sí ewé.

Ní Íńdíà, mọ̀lẹ́bí efínrín kan wà tó ń jẹ́ tulsi. Àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù a gbìn ín sójú àgbàlá, wọ́n a mọ pèpéle fún un, wọ́n a máa bomi rin ín tàdúràtàdúrà. Òórùn rẹ̀ jọ ti kànáfùrù, nítorí èròjà kan náà tó ń jẹ́ eugenol wà nínú àwọn méjèèjì. Nínú efínrín ńlá tiwa, thymol ló sábà máa ń pọ̀, èyí tí wọ́n ń fi sínú oògùn ìfọnu nítorí pé ó ń pa kòkòrò àìfojúrí. Ọlá tí wọ́n fi fún tiwọn lọ́hùn-ún, Olódùmarè, jẹ́ kí àwa náà lè fi fún tiwa.

A súre fún àwọn tó kọ ìmọ̀ ewé sílẹ̀ kí ó má baà ṣègbé. A súre fún Pierre Verger, ará Faransé tí wọ́n fi jẹ babaláwo ní Kétu ní 1953, tí wọ́n sọ ní Fátúmbí, tí ìwé rẹ̀ Ewé jáde ní 1995. A súre fún Édouard Adjanohoun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n kó egbòogi ilẹ̀ Benin jọ sínú ìwé ní 1989. Ṣùgbọ́n kí ìmọ̀ yìí má ṣe di ti inú ìwé nìkan. Ọmọ tó ń lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì ní Bassila, kí ó lè fi ojú àti imú mọ efínrín ńlá yàtọ̀ sí efínrín wẹ́wẹ́. Kí ìyá àgbà pẹ́ fún un tó láti kọ́ ọ. Èyí ló jẹ mí lógún jù lọ nínú gbogbo àdúrà yìí. Àṣẹ, àmín.

Kí ewé má sì bò wá lójú. Bí ara ọmọdé bá gbóná, kí ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ yá sí ilé ìwòsàn ju ìdí efínrín lọ; ibà kì í dúró de ẹnikẹ́ni, efínrín kò sì lè dípò oògùn rẹ̀. Bí ọmọ bá ń yàgbẹ́ gbuuru, kí a má jẹ́ kí omi gbẹ lára rẹ̀. Kí aboyún bi agbẹ̀bí léèrè kí ó tó máa mu àgbo. Kí ẹni tó ń lo oògùn ìtọ̀ ṣúgà sọ ohun tó ń mu fún dókítà. Ẹni tó ń tà á lọ́jà pé àrùn gbogbo ló ń wò, kí Olódùmarè fi òtítọ́ sí i lẹ́nu.

Láti 2003 ni wọ́n ti ń ṣe Ọjọ́ Ìṣègùn Ìbílẹ̀ Ilẹ̀ Áfíríkà ní 31 oṣù Kẹjọ. Efínrín tí a bá gbìn nígbà àkọ́rọ̀ òjò yóò ti dàgbà tó já kí ọjọ́ náà tó pé. Ẹ̀yin ará Manigri, ẹ̀yin ará Bassila, ẹ̀yin tí ẹ wà ní Cotonou, ní Èkó, ní ìdálẹ̀, mo bẹ̀ yín: ẹ gbìn ín lọ́dún yìí, kí ẹ sì já ẹ̀ka kan fún aládùúgbò tí kò ní kí òjò tó dá.